Àwọn Ìbọ̀wọ́ Ara Ògiri

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Kì-í-Tàsé kò lè gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kó kọjá ibi tí àgbàlagbà lè tu itọ́ dé. Àwọn tó rí i nígbà náà ṣì wà láyé. Fóònù tó bàjẹ́ ló ń tún ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju ilé adìyẹ lọ. Lójijì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù dáadáa. Ó gbá a gba orí igi kọjá, ó gbá a sínú ike omi tó wà lórí òrùlé ọkọ̀, ó sì ń ya gbogbo rẹ̀ sí fídíò. Kí ọdún tó yí po, ó ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sanwó fún un kó lè kọ́ wọn lórí fóònù. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó béèrè ibi tó ti rí ọwọ́ náà.

Tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára àwọn tó sanwó.

Kádì ni Tẹ́ẹ́rẹ́. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń gbé àpò igi gọ́ọ̀fù tẹ̀lé àwọn ọ̀gá káàkiri pápá, okùn àpò sì ti fa ilà kan sí èjìká rẹ̀ tí kò lè parẹ́ mọ́. Tí àwọn ọ̀gá bá ti lọ sílé, àwọn kádì a máa fi igi àlòkù gbá bọ́ọ̀lù tiwọn, kò sì sí ẹni tó lè bá Tẹ́ẹ́rẹ́ dọ́gba nínú wọn. Nígbà tí àwọn aláṣẹ pápá kéde pé àwọn máa yan kádì kan ṣoṣo láti di agbábọ́ọ̀lù àwọn, tí yóò máa gba owó oṣù, ẹni tí gbogbo kádì tọ́ka sí kò ju ẹyọ kan lọ. Òun nìkan ni kò dá lójú. Ó rò pé ó kù díẹ̀ fún òun, àti pé ọwọ́ ọkùnrin inú fóònù ni díẹ̀ náà wà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló san owó yẹn. Ẹ̀rọ ìgékoríko ló ń wà lórí pápá kan náà. Òun ló tọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lòun nígbà yẹn, Tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ mẹ́jọ. Ó ti fi ọdún mẹ́ta tọ́jú owó kó lè ra ẹ̀rọ ti ara rẹ̀. Ó yọ ìdajì rẹ̀ fún kíláàsì kìíní. Nígbà tí kíláàsì kejì dé, ó yọ ìdajì tó kù. Kò sọ púpọ̀. Ó kàn ní kí Tẹ́ẹ́rẹ́ má ṣe jẹ́ kí òun kábàámọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí Ọwọ́-Kì-í-Tàsé máa ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó ti gbó. Ó ní ibi tí awọ ìbọ̀wọ́ bá ti gbó lòun fi ń mọ àṣìṣe tó wà nínú bí ènìyàn ṣe ń di igi mú. Òótọ́ ni, gbogbo ẹni tó mọ gọ́ọ̀fù ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Tẹ́ẹ́rẹ́ fi tirẹ̀, ti ọwọ́ òsì, sínú àpòòwé, ó fi ránṣẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Bọ́ọ̀lù tó máa ń lọ tààrà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́rí wọnú igbó. Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì ẹ̀wù di iṣẹ́. Nígbà tó yá, ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, wọ́n kàn wà níbẹ̀ bí ohun tí wọ́n so mọ́ ọn. Ó kọ̀wé sí Ọwọ́-Kì-í-Tàsé, kóòṣì rẹ̀. Èsì tó dé ni pé ara àtijọ́ ló ń jáde, kó sanwó kíláàsì kẹta kó lè jáde tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ka èsì náà, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó ní ọkùnrin yìí ń ta ọwọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ fún Tẹ́ẹ́rẹ́.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n yan agbábọ́ọ̀lù. Tẹ́ẹ́rẹ́ wọ ọkọ̀ lọ́sàn-án, ó lọ sí ilé alájà mẹ́ta láti gba owó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà.

Ọwọ́-Kì-í-Tàsé fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nínú fídíò, ó ní òórùn koríko gidi ń rùn lára àbúrò òun yìí, kó wọlé. Ó mú un gba yàrá tó ti ń ya fídíò kọjá: koríko oníke, iná funfun mẹ́rin, àwọ̀n ńlá tí bọ́ọ̀lù ń bà. Lẹ́yìn àwọ̀n náà, ilẹ̀kùn kan wà tí kámẹ́rà kì í dé.

Yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣú. Ó ń rùn bí awọ tí wọ́n sá nígbà tí ẹran ṣì wà lára rẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí àpótí, ó ń fi òwú pupa ránṣọ́ nídìí fìtílà kékeré kan. Kóòṣì ní Ìyá Abẹ́rẹ́ nìyẹn, adáhunṣe òun. Ojú Tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ríran díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn náà, ó wá rí ògiri.

Ìbọ̀wọ́ ni. Láti ilẹ̀ dé àjà. Wọ́n kàn wọ́n mọ́ ògiri ní ìlà-ìlà, orúkọ ènìyàn lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn kún, bí ẹni pé ọwọ́ ṣì wà nínú wọn. Wọ́n sì ń mira. Wọ́n ń dì, wọ́n ń tú, bí ọwọ́ tó ń wá igi tí yóò dì mú. Ní ìlà kẹta, ó rí tirẹ̀. Ìka méjì nínú rẹ̀ ló ń mira. Òwú pupa kò tíì dé ibi mẹ́ta tó kù.

Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"Jókòó, ọmọ mi," ìyá náà wí, kò gbójú sókè. "Igba ó lé mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Àwọn tó ni wọ́n ló fi owó ara wọn fi wọ́n ránṣẹ́ wá. A ò jí ti ẹnì kankan."

Tẹ́ẹ́rẹ́ ní òun fẹ́ owó òun. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi tún un sọ.

"Owó wo? Ọwọ́ ẹ ni kó o béèrè. Kò lè padà lásán, nítorí àyè ara ògiri kì í ṣófo. Mú ìbọ̀wọ́ ẹni tó fi ọwọ́ rẹ̀ bọ́ ẹ wá. Onítọ̀hún ò ní kú. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló máa gbẹ. Tìẹ á padà sí ẹ lára, á dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó á sì wọlé tọ̀ ẹ́ wá bó ṣe wọlé tọ ọ̀gá ẹ yìí."

"Ti bàbá mi ni mo mú wá," Ọwọ́-Kì-í-Tàsé wí, bí ẹni ń sọ irú bàtà tó rà. "Wọ́n wà lókè níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Yàrá wọn ní ẹ̀rọ amúlétutù."

Kò sí ẹni tó so Tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n ní kó lọ rò ó.

Ó rò ó. Ó rò ó nínú ọkọ̀, ó rò ó nídìí oúnjẹ tí kò lè jẹ. Ó rò ó pé kádì kan tí ọwọ́ rẹ̀ kú kò ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n obìnrin tí àbúrò rẹ̀ lówó lè gba èèyàn mẹ́ta tí yóò máa bọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ mu omi, ó wọ ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ìgékoríko sí. Ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí ìṣó, awọ líle, epo ẹ̀rọ lára rẹ̀. Ó mú ọ̀kan. Kò sí ẹni tó tì í. Òun ló na ọwọ́, òun ló mú un.

Ní ọ̀sán yẹn, ó padà sí ilé alájà mẹ́ta, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àwọ̀n láti inú. Ìyá Abẹ́rẹ́ gún un ní àtàǹpàkò, ó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kán sára òwú títí òwú fi rin. Ó ní tí òun bá ti di ojú, òun kò ní là á títí òun yóò fi ta kókó, ohun yòówù tí òun bá gbọ́. Ọwọ́-Kì-í-Tàsé yíjú sí ògiri, ó ń tún iná kan ṣe. Ó fẹ́ ya èyí sí fídíò fún ara rẹ̀.

Ìyá náà dijú. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ọwọ́ tó di mú, tú. Ọwọ́ tó gbé e, sọ ọ́ kalẹ̀. Okun tó wà nínú iṣan, bá okùn yìí wá. Ọwọ́ wá. Ọwọ́ wá. Ọwọ́ wá."

Gbogbo ara ògiri dúró. Igba ìka àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tọ́ka sí Tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wo ìbọ̀wọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ìka ìfábẹ̀lá ti lu nígbà kan rí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti fi òwú ìpẹja rán an, nítorí kò fẹ́ ra òmíràn ní ọdún tó ń tọ́jú owó. Ìbínú kan gòkè láti inú rẹ̀ tó gbóná ju ẹ̀rù lọ. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ bínú sí. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀.

Ọwọ́-Kì-í-Tàsé kẹ́yìn sí i. Bí gbogbo agbábọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù tí kò gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi sínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, ìka ìbọ̀wọ́ náà ń fì síta. Iṣẹ́ kádì ni láti yọ ìbọ̀wọ́ yẹn, kó nù ún, kó dá a padà, kí ọ̀gá má sì mọ̀ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun. Ọdún mẹ́fà ni Tẹ́ẹ́rẹ́ ti fi ń ṣe é. Ó na ìka mẹ́ta tó kù fún un. Ó yọ ọ́. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ ìyá arúgbó.

Abẹ́rẹ́ wọlé.

Ọwọ́-Kì-í-Tàsé dẹ́kun ohun tó ń ṣe. Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìka kékeré ká sínú bí ewé tí iná jó, èyí tó tẹ̀ lé e ká, èkejì ká. Awọ fà mọ́ egungun, ó ya. Èékánná bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ dúdú sì tẹ̀lé wọn.

"Ìyá, ẹ dúró," ó wí. "Ìyá, tèmi nìyẹn."

Ìyá náà ń rán lọ. Ojú rẹ̀ dì. Ọwọ́-Kì-í-Tàsé sáré fi ọwọ́ ọ̀tún gbá abẹ́rẹ́ mú, ọwọ́ ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ó fi ara lu ilẹ̀kùn, ó gbìyànjú láti yí kọ́kọ́rọ́. Ìka méjì ṣẹ́ sórí rẹ̀ bí igi gbígbẹ, wọ́n dúró síbẹ̀. Ó ṣubú, ó ń sunkún, ó ń pe bàbá rẹ̀ tó wà lókè.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ta kókó, ó lajú. Ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò sì bínú.

"Ó dáa," ó sọ fún Tẹ́ẹ́rẹ́. "Àyè rẹ̀ níwájú kámẹ́rà ti ṣófo. Iná ṣì wà ní títàn, àwọn ènìyàn ń dúró. Jókòó síbẹ̀."

Tẹ́ẹ́rẹ́ gbé àlùmọ́gàjí tó wà nínú agbọ̀n ìyá náà. Ó gé òwú ìbọ̀wọ́ tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọwọ́ rẹ̀ bí omi gbígbóná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ó gé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gé gbogbo ìlà kẹta, ó gé ìkejì, títí ẹnu àlùmọ́gàjí fi kú.

"Máa gé e," ìyá náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n á tún fi òmíràn ránṣẹ́ wá."

Ó ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó fi aṣọ di kọ́kọ́rọ́ mú pẹ̀lú àwọn ìka tó wà lórí rẹ̀, ó yí i, ó sì sá jáde pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tó ṣí fóònù rẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ̀wé sí ojú ìwé kóòṣì. Wọ́n ń béèrè ìgbà tí kíláàsì tó kàn máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kó má ṣe jẹ́ kí àyè kún kó tó kan àwọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dé ilé. Ó ń fọ epo kúrò lọ́wọ́ nínú bàsíà. Tẹ́ẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó fi ìka rẹ̀ hàn án, pé wọ́n ti ń mira. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ dé òpin. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í: nígbà tó ń mú ìbọ̀wọ́ yẹn kúrò lórí ìṣó, ṣé ó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe?

Tẹ́ẹ́rẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, òun mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nu ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì gbẹ, ìka kan lẹ́yìn èkejì.

"O bọ́ lọ́wọ́ wọn," ó wí. "Èmi ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ ìwọ."

Ó dìde, ó wọ yàrá. Tẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́ tó yí kọ́kọ́rọ́ láti inú. Láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti kú, kò tíì ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ọn rí.