Adégbénró àti Ọmọ Bàbá Pọ́ǹpù

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún 1985 ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí tirakítọ̀ Ọ̀gá Adésànyà dákẹ́ sí àárín oko, lójú ọ̀nà Ìdó. Adégbénró tó ń wà á sọ̀ kalẹ̀, ó tú èyí, ó so tọ̀hún, kò sí ohun tí kò dán wò. Èéfín funfun lásán ni ẹ́ńjìnnì ń tú jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yọ nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó dì wọ́n sínú àkísà tó mọ́, ó sì wọkọ̀ lọ sí Ring Road ní ìgboro. Wọ́n ní kó béèrè Bàbá Pọ́ǹpù, tó ń tún pọ́ǹpù epo tirakítọ̀ ṣe níbẹ̀.

Obìnrin kan ló bá ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ aró, ó fi aṣọ pélébé di irun rẹ̀, epo díísù sì ti kùn ún dé ìgúnpá.

"Ẹ káàárọ̀ o. Bàbá Pọ́ǹpù ni mo wá rí."

"Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá mi ni wọ́n. Wọ́n lọ fi ojú han dókítà. Kí lẹ gbé wá?"

"Kò burú, n óò dúró dè wọ́n."

"Bí wọ́n bá dé, èmi náà ni wọ́n máa ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò," obìnrin náà dáhùn. "Ẹ gbé e wá, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò."

Ó de nọ́sù kan mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán an wò, ó sì tẹ ọwọ́ irin rẹ̀ mọ́lẹ̀. Epo ń ṣàn tìrírí láti ẹnu rẹ̀.

"Ẹ wò ó. Ó yẹ kó fọ́n bí ìrì ni. Èyí ń tọ̀ bí ọmọ ọwọ́."

Adégbénró bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

"Omi ló bà á jẹ́. Ta ló ń tọ́jú tirakítọ̀ yẹn?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ máa ń tú omi ìdí fílítà epo dànù láràárọ̀ kí ẹ tó sáná sí i?"

Ọdún mẹ́sàn-án ni Adégbénró ti ń wa tirakítọ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ojú tì í. "Mo máa ń ṣe é... lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ máa ṣe é láràárọ̀, sà."

Inú bí i títí ó fi délé. Obìnrin wo ló máa kọ́ òun ní iṣẹ́ òun? Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kó tó sáná sí tirakítọ̀, ó gbé ìgò funfun sábẹ́ fílítà, ó tú u. Ó gbé ìgò náà sókè sí oòrùn. Omi jókòó sí ìsàlẹ̀ epo, ó tó ìka méjì. Ó wò ó títí. Òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Lọ́jọ́ náà, bó ṣe ń túlẹ̀ láti ìpẹ̀kun oko kan dé èkejì, ohùn rẹ̀ ló ń gbọ́ létí.

Adùnọlá lorúkọ rẹ̀. Adégbénró mọ̀ ọ́n nígbà tó padà lọ. Ó tún lọ nítorí páìpù epo tó ń jò. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹrin, nọ́sù kan náà ló gbé dání.

Adùnọlá yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Bọ̀dá Adégbénró, kò sí ohun tó ṣe èyí. Èmi ni mo tún un ṣe lóṣù tó kọjá."

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ wá gbé e wá fún?"

"Kí n lè rí yín ni."

Adùnọlá gbójú sílẹ̀, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti inú wá. Bàbá rẹ̀ tó jókòó sórí àga níta na ohùn sí i, ó fi oríkì pè é pé, "Àpínkẹ́, ta lò ń bá rẹ́rìn-ín?" Ó dáhùn pé, "Oníbàárà ni, sà," ó sì tún rẹ́rìn-ín.

Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún Adégbénró. Ìyá rẹ̀ ti kú. Òun nìkan ni bàbá rẹ̀ bí. Akọ̀wé ni tẹ́lẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, àmọ́ nígbà tí ojú bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, tí kò rí nọ́ńbà ojú géèjì ẹ̀rọ kà mọ́, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó wá ń kà á fún un. Bàbá ń fi etí gbọ́, òun ń fi ojú wò, iṣẹ́ sì ń lọ. Ọkùnrin kan ti fẹ́ fẹ́ ẹ rí. Ó ní kó yan ọ̀kan nínú òun àti díísù.

"Kí lo wá ṣe?" Adégbénró bi í.

"Mo sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́."

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, Adùnọlá wá sí oko láti wá ṣètò pọ́ǹpù tirakítọ̀. Nígbà tó parí, Adégbénró ní kó gun tirakítọ̀ náà. Ọdún méje ló ti ń tún ẹ̀yà ara tirakítọ̀ ṣe, kò wa ọ̀kan rí. Ó gbá sítíárìn mú, ó túlẹ̀ poro kan, poro náà wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ipa ejò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sórí táyà àtijọ́ kan lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísè.

"Adùn mi," Adégbénró sọ, "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo fẹ́ kí o jẹ́ aya mi."

Adùnọlá kò díbọ́n. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ yín. Ó ti pẹ́." Ó wo yàrá kan ṣoṣo tó wà létí oko, níbi tí Ọ̀gá Adésànyà fi Adégbénró sí kó lè máa ṣọ́ tirakítọ̀. "Ṣùgbọ́n ibo la máa gbé?"

"Níbí ni."

"Ta ló máa ka géèjì fún bàbá mi?"

Adégbénró ju ṣùkù àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ nù.

Síbẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára, ó lọ rí bàbá náà. Bàbá Pọ́ǹpù gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fọwọ́ wá apá àga rẹ̀, ó dì í mú.

"Adégbénró, n kò kórìíra rẹ. Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Ṣùgbọ́n ojú tí mo fi ń ríran lo fẹ́ gbé lọ sínú oko yẹn. Bí o bá lè máa gbé ìgboro, padà wá. Bí o kò bá lè gbé ìgboro, jọ̀ọ́, fi ọmọ mi sílẹ̀ fún mi."

Ìyá Adégbénró náà, Ìyá Àbẹ̀ḿbí, kò fara mọ́ ọn. Ó ti gbọ́ nílùú Ìdó pé mẹkáníìkì obìnrin lọmọ òun fẹ́ gbé wálé. "Àkànní, ọwọ́ tó ń rùn fún díísù ló máa fi ro ọkà fún ọ? Gbogbo obìnrin tó wà nílẹ̀ yìí, kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́?"

Ibi tí wọ́n ti ń wọ tákísí ní Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí ìgboro ti pàdé ọ̀nà Ìdó, ni àwọn méjèèjì ti dágbére fún ara wọn. Adùnọlá ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ báyìí, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú síra wa. N kò lè fi bàbá mi sílẹ̀, n kò sì ní í sọ pé kí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn jù."

"Ṣé bí yóò ṣe parí nìyí?"

"Ó dùn mí o," Adùnọlá sọ. "Ẹ má rò pé kò dùn mí." Ó wọ inú ọkọ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Odindi oṣù méjì ni Adégbénró fi ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán. Ó ń tú omi fílítà láràárọ̀, ó ń fín gíríìsì sí gbogbo oríkèé, ó ń fọ amọ̀ kúrò lára abẹ ìtúlẹ̀. Àgbàdo àkọ́gbìn gbó, wọ́n ká a. Ó tún túlẹ̀ fún ìgbìn ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ kan, láàárín oko, ọ̀rọ̀ kan sọ sí i lọ́kàn tó fi pa ẹ́ńjìnnì, tó jókòó jẹ́ẹ́. Adùnọlá ni òun ní kó fi bàbá sílẹ̀, kó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kó fi ìgboro sílẹ̀. Kí lòun fúnra òun fi sílẹ̀? Kò sí. Kódà, òun kò fi yàrá kan sílẹ̀.

Ó lọ bá Ọ̀gá Adésànyà nílé rẹ̀ ní Bódìjà. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá náà, kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"O kò fẹ́ gbé oko mọ́? Ta ló máa ṣọ́ tirakítọ̀?"

"Ẹ fi ẹlòmíràn sínú yàrá náà, sà. Ẹlẹ́yẹlé ni mo fẹ́ máa gbé. N óò máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí oko."

"Nítorí obìnrin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀gá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Ọjọ́ tí o bá pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ìtúlẹ̀, n óò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n òjò kì í dúró de ẹnì kankan."

"Mo gbà, sà."

Adégbénró gba yàrá kan ní Ẹlẹ́yẹlé, tí èèyàn lè rí omi adágún láti ojú fèrèsé rẹ̀. Kò tíì lọ bá Adùnọlá. Kò fẹ́ tún lọ ṣèlérí ohun tí apá rẹ̀ kò ká. Ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí oko láràárọ̀, nínú ẹrẹ̀, nínú òjò. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Itan rẹ̀ le bí igi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àmọ́ kò sí ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kankan ṣáájú rẹ̀ dé oko. Nígbà tó pé oṣù kan ó lé díẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Ring Road.

Adùnọlá wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Bí ó ṣe rí i, ó yáa dojú kọ iṣẹ́, ó ń tẹ ọwọ́ irin mọ́lẹ̀, ó ń gbé e sókè.

"Ta nìyẹn?" Bàbá Pọ́ǹpù béèrè láti orí àga rẹ̀.

"Adégbénró ni, sà." Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ní bí mo bá lè gbé ìgboro kí n padà wá. Ẹlẹ́yẹlé ni mo ń gbé báyìí. Èmi ń lọ sí oko láti ibẹ̀. Adùnọlá lè máa wọkọ̀ wá síbí láràárọ̀. N kò sọ pé kó fi ohunkóhun sílẹ̀ mọ́."

"Láti ìgbà wo lo ti ń lọ tí o ń bọ̀?"

"Oṣù kan àti ọjọ́ mẹ́ta, sà."

"Nínú òjò yìí? O kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí?"

"Rárá, sà."

Ìró ọwọ́ irin yẹn nìkan ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù: kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. Bàbá tẹ́tí sí i, ó fajú ro.

"Àpínkẹ́, kí lò ń dán wò níbẹ̀? N kò gbọ́ ìró nọ́sù kankan."

Adùnọlá dúró. Omijé ti ń ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, sà."

"Fi í sílẹ̀ nígbà náà, kí o wá dá ọkùnrin yìí lóhùn."

Ó jáde láti ìdí ẹ̀rọ. Ó wo Adégbénró, ó wo ojú egbò tí kẹ̀kẹ́ fi sí i ní ìgúnpá.

"Ẹ dìde ńlẹ̀," ó sọ jẹ́jẹ́. "Mo gbà yín. Kò síbi tí mo lọ látọjọ́ yìí."

Bàbá Pọ́ǹpù na ọwọ́ méjèèjì sí òfuurufú, àwọn méjèèjì sì sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ bà wọ́n lórí, ó súre fún wọn títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ó wá ku Ìyá Àbẹ̀ḿbí. Ó fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù láìsọ fún ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo Adùnọlá bó ṣe ń ṣiṣẹ́, tó ń ka géèjì sókè fún bàbá rẹ̀, tó ń bu omi fún un, tó ń dá oníbàárà mẹ́ta lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú ọṣẹ dúdú kan jáde.

"Fúnra mi ni mo sè é. Ó máa ń ṣí àbàwọ́n epo pupa dáadáa. N kò mọ̀ bóyá ó máa ká díísù." Ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Bí kò bá ká a, n óò tún òmíràn sè."

"Ẹ ṣeun, Màámi," Adùnọlá wí, ó kúnlẹ̀. Ìyá Àbẹ̀ḿbí kò tètè jẹ́ kó dìde. Ó ń fọwọ́ pa á léjìká.

Nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ ti mú, tí tirakítọ̀ ń sinmi, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí Ọ̀gá Adésànyà ń lọ. Bàbá Pọ́ǹpù ló mú ọmọ rẹ̀ wọlé. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn kò mọ ẹni tó ń mú ẹnì kejì lọ nínú àwọn méjèèjì.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, tọkọtaya náà jùmọ̀ jáde nílé. Wọ́n dúró ní oríta Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí ọ̀nà wọn ti pínyà. Adégbénró di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, Adùnọlá na ọwọ́ sí tákísí.

"Olólùfẹ́ mi, ta ló máa kọ́kọ́ padà dé?"

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, kó gbé omi kaná," Adùnọlá dáhùn, ó sì wọ ọkọ̀.

Adégbénró fi gbogbo agbára wa kẹ̀kẹ́ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Oòrùn ṣì ń tàn sójú omi adágún nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, tó rí èéfín ìdáná.

"Mo ti ṣáájú yín o!" Adùnọlá ké láti inú ilé.

Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó bọ́ bàtà eléruku rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé tọ̀ ọ́ lọ.