Wúrà Inú Àròkọ

"Níbo ni Ìyá Àgbà Onírin wà?"

Ohun tí àwọn adigunjalè méjì náà kọ́kọ́ bi Télọ̀ nìyẹn, ní aago méjì ọ̀sán Sátidé, nígbà tí òjò ń lu páànù débi pé ará ilé kejì kò lè gbọ́ igbe. Télọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń rán kọ́là yunifọ́ọ̀mù. Ó gbójú sókè, ó rí ọkùnrin méjì tó fi aṣọ dúdú bojú. Òòlù wà lọ́wọ́ èyí tó ga, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ èyí tó kúrú.

"Ìyá àgbà wo? Ìyá mi ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án."

Ẹni gíga gbá a lẹ́nu. Eyín kan bọ́ sórí aṣọ funfun tó ń rán. "Ìyá Àgbà Onírin ni mo wí! Ṣé kí n kọ ọ́ sí ọ níwájú orí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹni kúkúrú na ọ̀bẹ sí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Òun nìyẹn. Inú orí rẹ̀ ni wúrà wà."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kúrò lórí tábìlì, wọ́n là á mọ́lẹ̀, wọ́n fi òòlù tú orí rẹ̀ ká. Òróró dúdú ṣàn jáde, òwú wíwọ́ jáde, abẹ́rẹ́ méjì tó ti kán jáde. Wúrà kò jáde. Ni ẹni gíga bá mú ọwọ́ ọ̀tún Télọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì bí ẹni fẹ́ gé aṣọ.

"Wúrà dà?"

"Kò sí wúrà nílé yìí, mo fi Ọlọ́run búra."

Òòlù balẹ̀.

"Wúrà dà?"

Òòlù tún balẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kẹta, Télọ̀ kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ta á nípàá sílẹ̀, wọ́n já aago ara ògiri gbé kí wọ́n má baà lọ lọ́wọ́ òfo, wọ́n sì jáde sínú òjò.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Télọ̀ bí wà nínú yàrá kejì, lẹ́yìn àwọn aṣọ oníbàárà tí wọ́n fi kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ó rí tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú, ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀ fi ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Ó ti ki aṣọ bọ ara rẹ̀ lẹ́nu kí igbe má baà jáde. Ó gbọ́ òòlù, ó sì gbọ́ ohun tó bà á lẹ́rù ju òòlù lọ. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ní Ìyá Àgbà Onírin nílé wọn. Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló dá orúkọ náà sílẹ̀, ibì kan ṣoṣo ló sì ti lò ó láyé, inú àròkọ tó kọ fún Kọ́kọ́rọ́.

Ta ní ń jẹ́ Kọ́kọ́rọ́? Ọkùnrin kan tí àwọn òbí àdúgbò náà kó ọmọ wọn lé lọ́wọ́ ni. Ọdún méjì gbáko ló ṣì kù kí àwọn ọmọ náà jáde ní girama, ṣùgbọ́n ó ní òbí tó bá dúró di ọdún ìdánwò ti pẹ́, pé láti ìsinsìnyí ló ti yẹ kí wọ́n máa múra ọmọ sílẹ̀ fún yunifásítì. Ó ń wọ táì nínú oòrùn. Ó mọ orúkọ gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lórí. Ó ní òun ni kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà yunifásítì, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó ń ṣí ilẹ̀kùn mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ọmọ, ọlọ́gbọ́n náà a máa gọ̀.

Àròkọ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fún wọn. "Ẹ kọ nípa ilé yín. Kí ni ìdílé yín fẹ́ràn jù, ibo ló sì wà? Ta ló máa ń wà nílé, ní aago mélòó? Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́. Òtítọ́ ni yunifásítì fẹ́." Abẹ́rẹ́ kọ ìlà mẹ́ta: bàbá òun ń ránṣọ, ìyá òun jẹ́ nọ́ọ̀sì, òwú kún ilé àwọn. Kọ́kọ́rọ́ ju ìwé náà padà sí i lójú gbogbo kíláàsì. "Ta ló máa gba ọmọ tí kò ní ìtàn?"

Ó dun ọmọ náà wọra. Ó lọ jókòó, ó sì parọ́. Ó ní ìyá àgbà òun fi wúrà sílẹ̀, pé inú orí ẹ̀rọ ìránṣọ tí àwọn ń pè ní Ìyá Àgbà Onírin ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ó ní ní ọjọ́ Sátidé, bàbá òun nìkan ló máa ń wà nílé, nítorí ìyá òun wà lẹ́nu iṣẹ́, òun náà sì wà ní ilé ìkàwé láti àárọ̀ dalẹ́. Irọ́ ni ti ilé ìkàwé náà. Oorun ni Abẹ́rẹ́ máa ń sùn ní Sátidé.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì, ìyá rẹ̀, dé láti ibi iṣẹ́, kò sunkún. Ó ya aṣọ, ó fi rúlà di ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yìn tí wọ́n gbé e wọlé tán ló tó fara ti ògiri, tó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé. Dókítà ní ìka mẹ́ta ló fọ́, pé òun kò lè ṣèlérí pé ọwọ́ náà á tún di sísọ́ọ̀sì mú.

Ọlọ́pàá tó wá gbọ́ ẹjọ́ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí kì í wọ yunifọ́ọ̀mù. Ìyá Ìbéèrè ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Inú ń bí i, nítorí ilé kẹta nìyí láàárín oṣù kan. Ó sọ fún Nọ́ọ̀sì pé àwọn olè náà ti lọ sí ilé Onífíríìjì, ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ amúǹkantutù ṣe, wọ́n yí dúrọ́ọ̀mù ìrẹsì rẹ̀ kúrò, wọ́n kó ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n lọ sí ilé Tíṣà tó jẹ́ opó, wọ́n fi irin là á lórí, wọ́n sì gun òkè àjà balùwẹ̀ rẹ̀ lọ kó ohun tó fi pamọ́ síbẹ̀.

"Wọn ò tú ilé. Ibi tí nǹkan wà gan-an ni wọ́n ń lọ," ó wí. "Ta ló mọ inú ilé yín tó bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kan, mà," Nọ́ọ̀sì fèsì. "Wúrà tí wọ́n sì ń wá, a ò ní in rí."

Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Ṣé kó sọ fún bàbá rẹ̀ pé irọ́ òun ló rán àwọn olè wá, tó sì gba ìka lọ́wọ́ rẹ̀? Ó gbé e mì bí egbòogi kíkorò, odindi ọjọ́ Sọ́ńdè kọjá.

Láàárọ̀ Mọ́ńdé ni Kọ́kọ́rọ́ gbé ọsàn wá kí aláìsàn. Ó gbàdúrà, ó mi orí, ó pe ayé ní ayé burúkú. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì jáde lọ bu omi, tí Télọ̀ sì ti sùn lọ, ó fa Abẹ́rẹ́ sí ìdí fèrèsé, ó di í lápá mú títí egungun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dún.

"Kò sí wúrà kankan nínú ẹ̀rọ yẹn. Kí ló dé tó o fi parọ́ fún mi?"

Ọmọ náà la ojú sílẹ̀.

"Sọ̀rọ̀ àròkọ yẹn fún ẹnikẹ́ni, wàá rí i. Ọwọ́ òsì bàbá rẹ ṣì wà nílẹ̀ o."

Ó rẹ́rìn-ín sí Nọ́ọ̀sì ní ẹnu ọ̀nà, ó sì lọ. Abẹ́rẹ́ kò dúró. Ó sáré gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ bá Ìyá Ìbéèrè ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó kúnlẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe Nọ́ọ̀sì wá gbọ́, ó gbọ́wọ́ sókè láti fọ́ ọmọ náà létí, ọwọ́ náà dúró lófuurufú.

"Ta tún ló ń kọ àròkọ fún un?" Ìyá Ìbéèrè bi í.

"Gbogbo wa ni, mà. Ọmọ Tíṣà. Ọmọ Onífíríìjì. Àwa mẹ́tàdínlógún ni."

Ìyá Ìbéèrè ti dìde. "Ó ti mọ̀ pé òun la ẹnu jù. Yóò sá."

Òkè ilé ìtẹ̀wé kan ni Kọ́kọ́rọ́ ti ń kọ́ wọn. Òbí nìkan ló ń ṣílẹ̀kùn fún, nítorí náà Nọ́ọ̀sì ló kànkùn, Ìyá Ìbéèrè àti kọ́ńsítébù kan sì fara mọ́ ògiri. Òórùn ìwé tó ń jó ti ń jáde láti abẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Ìyá Abẹ́rẹ́ ni, sà. Mo wá gba iṣẹ́ ọmọ mi."

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ rí ọlọ́pàá lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ilẹ̀kùn há a lẹ́sẹ̀, ó gbé àga, ó sọ ọ́ lu kọ́ńsítébù níwájú orí. Ẹ̀jẹ̀ bo ọkùnrin náà lójú, ó ṣubú. Kọ́kọ́rọ́ gba ojú fèrèsé bẹ́ sórí páànù àtíbàbà ilé ìtẹ̀wé, páànù já, ó já sórí òkìtì ìwé nísàlẹ̀, ó dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde sí títì. Nọ́ọ̀sì kò sá tẹ̀ lé e. Ó kọ́kọ́ da korobá omi sínú bẹ́sìn tí àwọn àròkọ ti ń jó, kó tó wá tiro sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀dàlẹ̀ ọkùnrin náà gbọ́n. Bó ṣe rí Ìyá Ìbéèrè tó ń lé e bọ̀ láìwọ yunifọ́ọ̀mù, ó nàka sí i. "Olè! Olè! Ẹ gbà mí o!" Kí obìnrin náà tó fa káàdì rẹ̀ yọ, èrò ti bò ó, ẹnì kan ti já a ní ìgbájú, ẹnì kan ti gbá a mú lọ́rùn. Onífíríìjì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lódìkejì títì, sáré ta alùpùpù rẹ̀ síná.

"Ẹ gùn ún, sà! Wọn ò ní pa olùkọ́ ọmọ mi lójú mi!"

Kọ́kọ́rọ́ fò gùn ún. Alùpùpù ṣí. Nọ́ọ̀sì dé ẹ̀bá títì, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ kígbe.

"Bàbá Onífíríìjì! Ta lẹ sọ fún pé abẹ́ dúrọ́ọ̀mù ìrẹsì lẹ kó nǹkan yín sí?"

"Mi ò sọ fẹ́nì kan!"

"Ọmọ yín ńkọ́? Kí ló kọ sínú àròkọ rẹ̀?"

Onífíríìjì wà á bí ìwọ̀n ilé mẹ́ta sí i kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ lára. Ó tẹ bíréèkì. Kọ́kọ́rọ́ yọ ọ̀bẹ ìgéwé, ó gbé e lé e lọ́fun. "Wà á lọ, àbí kí n dúńbú rẹ!" Onífíríìjì yí gbogbo alùpùpù dànù sórí àwọn méjèèjì. Ọ̀bẹ là á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, sálẹ́ńsà jó Kọ́kọ́rọ́ lẹ́sẹ̀, ó ké bí ewúrẹ́. Ni lílù bá bẹ̀rẹ̀. Onífíríìjì fi ìkúùkù lù ú, ó fi orí kàn án, ó ń pe orúkọ ohun tí wọ́n kó nílé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń lù ú. Ìyá Ìbéèrè, tí ètè òun náà ti wú, ló gba olè náà sílẹ̀ kó má baà kú, ó sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

"Ọjọ́ gbogbo ni ti olè," ó wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Tèmi lòní."

Ní àgọ́, ó tẹ́ àwọn àròkọ tútù sórí tábìlì.

"Àwọn wo ló lọ sílé Télọ̀?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n."

"Ta ló fi báírò pupa fàlà sábẹ́ 'bàbá mi nìkan ló máa ń wà nílé'?"

"Àtúnṣe ni. Olùkọ́ ni mí."

"'Aago méjì' tó o kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Àtúnṣe èwo nìyẹn?"

Onífíríìjì wúkọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin yẹn wọlé!"

"Àwọn wo ló lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Èmi ni mo ń rán wọn. Èmi ni."

Wọ́n mú àwọn méjèèjì ní ibùdókọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Aago ara ògiri Télọ̀ wà nínú báàgì wọn.

Ní Wẹ́sidé, wọ́n kó gbogbo òbí jọ láti wá gba ẹrù wọn. Tíṣà, tí báńdéjì ṣì wà lórí rẹ̀, gbá ohun tó gbà mọ́ àyà, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún. Télọ̀ wá pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi síméńtì dì. Abẹ́rẹ́ fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀, nítorí Nọ́ọ̀sì kò tíì sọ ọ̀rọ̀ àròkọ náà fún Télọ̀. Ọmọ náà ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun sọ ọ́ fúnra òun, kò sì tíì lè sọ ọ́.

Wọ́n ń mú Kọ́kọ́rọ́ kọjá, ló bá dúró níwájú Télọ̀, ó fi ẹnu wíwú rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Bi ọmọ rẹ léèrè ta ló kọ ọ́ pé wúrà wà nílé rẹ. Irọ́ rẹ̀ ló fọ́ ọ lọ́wọ́."

Télọ̀ yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́, ṣé lóòótọ́ ni?"

"Lóòótọ́ ni, Bàbá." Omijé ti dé. "Ó ní ilé wa ò ní ìtàn. Mo fẹ́ kí yunifásítì gbà mí."

Télọ̀ wo ọwọ́ rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo Kọ́kọ́rọ́.

"Irọ́ ni tọmọ mi, màá bá a wí nílé. Òòlù ni tìrẹ."

Wọ́n wọ́ olè náà lọ. Télọ̀ fi ọwọ́ òsì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Wọ́n á gbà ọ́," ó wí. "Bí wọn ò bá sì gbà ọ́, àwa ti gbà ọ́ láti ọjọ́ tá a ti bí ọ."

Abẹ́rẹ́ fi ojú pamọ́ sínú ẹ̀wù rẹ̀, ó sunkún títí ara fi tù ú. Nígbà tí Ìyá Ìbéèrè gbé ìwé dé pé kí Télọ̀ wá buwọ́ lù ú, ọmọ náà ló di ìwé náà mú kó má baà yẹ̀, bàbá rẹ̀ sì fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ.