Ìyá Ìsàmì Bọ́ọ̀sì Paloma

Ọkùnrin náà dúró síwájú bọ́ọ̀sì rẹ̀ bí ọkọ ìyàwó tí ìyàwó kọ̀ tí kò yọjú. Bọ́ọ̀sì náà ti múra tirẹ̀ tán. Òdòdó wà lọ́rùn rẹ̀, bébà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀dà tuntun kọ orúkọ rẹ̀, Paloma, síwájú gàdàgbà. Ọdún Màríà Wúńdíá ni. Gbogbo ọkọ̀ ìlú Sayaripampa ló tò síwájú ṣọ́ọ̀ṣì láti gba ìbùkún, kálukú pẹ̀lú ìyá ìsàmì tirẹ̀. Ti Paloma nìkan ni kò sí. Àǹtí ọkùnrin náà tó yẹ kó ṣe é ti fi ẹsẹ̀ wíwú dùbúlẹ̀ sílé, Fáàdà sì ti sọ pé ọkọ̀ tí kò bá ní ìyá ìsàmì, kó yẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nelva Quiroga ń kọjá lọ ní tirẹ̀. Ó fi fáìlì há abíyá, ó gbé ife api, ògì àgbàdo gbígbóná, dání, ọkàn rẹ̀ kò sì sí níbi ọdún rárá. Abdón Cusi, ọkùnrin tó ni Paloma, rí i, ó dá a lọ́nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí mi, ẹ ṣàánú mi. Ìgò kan péré lẹ máa bá mi fọ́."

"Èmi ò mọ̀ yín rí o."

"Èmi náà ò mọ̀ yín. Àmọ́ ẹ ní ojú ẹni tó lè fọ́ ìgò."

Ẹ̀rín pa Nelva kó tó ráyè bínú. Ó gbé api rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó gba ìgò ọtí àgbàdo, ó sì là á mọ́ irin iwájú bọ́ọ̀sì tagbáratagbára. Ìgò fọ́. Paloma gbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, láìsí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

Àwọn èèyàn fọ́n ká. Fáàdà ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ́ sórí àtẹ̀gùn. Abdón dúró pẹ̀lú ife api lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Nelva ló sáré. Ó fa òkúta kan yọ lára ògiri ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì tì í sẹ́yìn táyà. Bọ́ọ̀sì dúró.

"Bíréèkì yín ńkọ́?" ni ó béèrè, bí ó ti ń gbọn ìdọ̀tí ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ó wà níbẹ̀. Ó kàn máa ń ronú díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ ni." Abdón dá api rẹ̀ padà fún un. Ó ti tutù. "Ẹ ṣeun, comadre."

Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló so wọ́n pọ̀, òun náà ló sì fẹ́ yà wọ́n. Nílùú wa, ẹni tó bá ṣe ìyá ìsàmì fún ohun ẹni, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe ilé, ìbáà ṣe bọ́ọ̀sì, ó ti di ẹbí ẹni nìyẹn. Comadre, ìyẹn ìyá ìsàmì, àti compadre, ìyẹn ẹni tó ni ohun tí wọ́n sàmì, lè jọ jẹun, wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ àṣírí, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ ara wọn. Nelva mọ èyí bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ náà kò rò ó, nítorí ta ni í ronú ìgbéyàwó nígbà tó bá ń ti òkúta sẹ́yìn táyà?

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ tóbi ju bọ́ọ̀sì kan lọ. Sayaripampa kò ní ẹni tó ń bójú tó ìrìnnà rẹ̀ rí. Awakọ̀ ń lọ síbi tó wù ú, ó ń dúró níbi tó wù ú, bí òjò bá sì ti rọ̀, àwọn ọkọ̀ a kọ̀ láti gun òkè Alto Molino. Orí òkè yẹn ni wọ́n bí Nelva sí. Kò gbàgbé bí wọ́n ṣe fi bùláńkẹ́ẹ̀tì gbé àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń rọbí sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọmọ nìkan ni wọ́n gbé padà gòkè. Ó lọ kàwé ní Cochabamba, ó padà, ó sì yọ olórí ìlú lẹ́nu títí ìyẹn fi fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì, pé kó kọ òfin tí yóò dá ẹ̀ka ètò ìrìnnà ìlú sílẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ ìlú bá fọwọ́ sí i, ẹ̀ka ti délẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, kí Nelva kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Abdón nìkan ni awakọ̀ tó ń gun Alto Molino láìka òjò sí. Láràárọ̀ ni Nelva ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Òkúta ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Abdón. Bí bọ́ọ̀sì bá ti dúró lórí òkè, èrò kan a sọ̀ kalẹ̀ lọ tì í sẹ́yìn táyà. Bí Nelva bá wà níbẹ̀, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é, ó ní ọmọ òun ni bọ́ọ̀sì náà. Abdón a dáhùn pé lóòótọ́ ni, ọmọ náà jọ ìyá rẹ̀, kì í gbọ́ràn, ó sì máa ń pariwo láàárọ̀.

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé, àwọn méjèèjì kò lè sọ. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí èrò tó kẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀, Abdón pa bọ́ọ̀sì sórí òkè, ìlú tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, ó sì béèrè nípa ẹ̀ka náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn yòókù ń béèrè pẹ̀lú ẹ̀rín yẹ̀yẹ́. Òun fẹ́ mọ ibi tí bọ́ọ̀sì yóò ti máa dúró. Nelva fi ìka hàn án: ọ̀kan níwájú ilé ìwòsàn, ọ̀kan lẹ́bàá ọjà, àkọ́kọ́ pátápátá níhìn-ín, lórí òkè. Abdón gbọ́ ọ tán.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, comadre," ni ó wí. Kò lè wo ojú rẹ̀.

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Kí ni kí n pè ọ́?"

"Nelva."

Ó pè é. Inú Nelva dùn débi pé ó gbàgbé láti yọ òkúta kúrò nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ.

Ìyá Abdón, Doña Herminia, ni olórí ẹgbẹ́ awakọ̀. Opó ni. Ó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù kọjá orí òkè oníyìnyín nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ náà ṣì ń fi yẹ̀pẹ̀ ṣeré, bó bá sì ti ṣí fìlà rẹ̀ lé orí tábìlì ìpàdé, gbogbo ẹnu a pa dé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀: pé ọmọbìnrin kan fẹ́ fi òfin de àwọn awakọ̀, àti pé ọmọ òun fẹ́ fi ọmọbìnrin ọ̀hún ṣaya. Ó ránṣẹ́ pe Nelva. Ó kọ́kọ́ gbé ọbẹ̀ ẹ̀pà ka iwájú rẹ̀, nítorí kì í bá ẹni tí ebi ń pa jà.

"Ṣé ìwọ ni ìyá ìsàmì Paloma?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ẹbí wa ni ọ́ nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí bọ́ọ̀sì yẹn bá ṣì ń mí, compadre rẹ ni Abdón. A kì í fẹ́ compadre nílé wa. Bá ò bá tiẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run, à ń bẹ̀rù ẹnu aráàlú." Ó bu ọbẹ̀ kún abọ́ Nelva. "Àmọ́ ọ̀nà wà. Fi ẹ̀ka rẹ yẹn sílẹ̀, èmi fúnra mi á lọ bá Fáàdà, a ó wá nǹkan ṣe sí i."

Nelva gbé ṣíbí sílẹ̀. "Màmá, ọbẹ̀ yín dùn. Mi ò ní fi sílẹ̀."

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Òun náà, mi ò ní fi sílẹ̀."

Doña Herminia wò ó títí. "Olóríkunkun," ni ó wí, ó sì ní kó jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ tán.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn awakọ̀ ti ń sọ ọ́ kiri pé ẹ̀tàn ni ẹ̀ka náà. Wọ́n ní comadre yóò fún compadre rẹ̀ ní ọ̀nà tó tẹ́jú, yóò sì da àwọn yòókù sínú ẹrẹ̀. Nelva gbọ́, ó kọ etí ikún, ó ń bá òfin rẹ̀ lọ.

Inú òfin náà gan-an ni wàhálà ti yọ. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé bọ́ọ̀sì tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kò gbọdọ̀ gbé èrò mọ́. Paloma sì ti lé ọgbọ̀n. Abdón gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó wá bá a ní yàrá ẹ̀yìn ọ́fíìsì.

"Bó o bá kọ márùndínlógójì ńkọ́?"

"Bíréèkì rẹ̀ ò mọ̀ pé mo kọ márùndínlógójì."

"Màá tún un ṣe."

"O ti ń tún un ṣe látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́. Òkúta ló ń dá a dúró, Abdón."

"Òun ni mo fi ń jẹun. Òun náà ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́. Ọmọ rẹ ni, Nelva."

"Mo mọ̀. Bí mo bá yọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé tèmi ni, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tó kù?"

Abdón dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde. Láti ọjọ́ kejì, Nelva ń fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀ láti Alto Molino nínú ẹrẹ̀. Bí Paloma bá ń bọ̀, ó máa ń dá ìró rẹ̀ mọ̀ láti òkèèrè, a sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó lè kọjá. Ó sunkún, kò fi pa mọ́ fún ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà dé ibi tí ìfẹ́ ń dunni dé. Lójoojúmọ́ ni ó ń ṣí òfin náà wò, tí ó ń wo ọgbọ̀n ọdún yẹn, tí ó sì ń fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọjọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú pé. Àwọn awakọ̀ kún gbọ̀ngàn dé ẹnu ọ̀nà. Doña Herminia ṣí fìlà rẹ̀ lé orí tábìlì, gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́. Ó ní ẹni tó kọ òfin yìí ní ọmọ ìsàmì lójú títì, ẹgbẹ́ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ òfin yóò kan ọmọ náà.

Nelva ti ń dìde nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Abdón wọlé. Ó gbé òkúta mọ́yà, ó sì gbé e kalẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀.

"Ohun tí mo fi ń dá bọ́ọ̀sì mi dúró nìyí," ni ó wí. "Obìnrin tó lóyún sínú ló sọ̀ kalẹ̀ lánàá láti lọ tì í. Mo jókòó lórí àga mi, mò ń wò ó nínú dígí bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn táyà. Ojú tì mí. Mo ti bẹ Nelva kó yí òfin yìí nítorí mi, ó kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀yin ń béèrè bóyá ó máa ṣègbè. Ẹ kọ Paloma sílẹ̀ ṣáájú gbogbo ọkọ̀ tó máa kúrò lójú títì."

Doña Herminia wo òkúta, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wá kọjú sí Nelva. "Àwọn tí ọkọ̀ wọn bá kúrò lójú títì, kí ni wọ́n máa jẹ?"

"Àwọn ni ẹ̀ka máa kọ́kọ́ gbà sórí bọ́ọ̀sì tuntun, Màmá. Ó wà nínú òfin náà. Mi ò mọ bí màá ṣe dá a sílẹ̀ láìsí wọn."

Obìnrin náà mú fìlà rẹ̀, ó dé e padà. "Ẹni tí kò yọ ọmọ ara rẹ̀ sílẹ̀ kò ní rẹ́ tiwa jẹ. Ẹgbẹ́ gbà." Ìgbìmọ̀ na ọwọ́ sókè, ẹ̀ka ètò ìrìnnà Sayaripampa sì délẹ̀. Láàárín ariwo, Abdón wá dúró ti Nelva, ó ní kó dárí ji òun. Nelva di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo ènìyàn, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì tuntun dé, wọ́n wa Paloma lọ sí pápá ẹ̀yìn ìlú, níbi tí àwọn oníirin ti ń tú ọkọ̀. Doña Herminia fúnra rẹ̀ gbé ọtí àgbàdo wá. Ó ta á sílẹ̀ lẹ́bàá táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọkọ̀ tuntun. Nelva gbé ọwọ́ lé irin tí ó ti fọ́ ìgò mọ́, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Abdón pa ẹ́ńjìnnì fún ìgbà ìkẹyìn.

"Kò mí mọ́," ni Doña Herminia wí. Ó yíjú sí Nelva. "Ìwọ olóríkunkun, kí ni mo sọ nílé mi lọ́jọ́ tó o jẹ ọbẹ̀ mi?"

"Ẹ ní níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń mí."

"Mi ò ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ lẹ́nu. Sọ fún ìyá rẹ kó gbálẹ̀ àgbàlá rẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday màá gbé búrẹ́dì àti ọtí wá tọrọ rẹ fún ọmọ mi." Ó gbójú sókè wo Alto Molino, ó pòṣé. "Ta ló máa wá gbé mi gun òkè burúkú yẹn?"

"Ẹ̀ka ni, Màmá," ni Nelva wí. "Ẹ ṣáà dúró níwájú ilé ìwòsàn."

Lọ́jọ́ Sunday, Nelva wọ yẹ̀rì tuntun, ó lọ dúró ní ibùdókọ̀ àkọ́kọ́, lórí òkè níbi tí ó ti fi ìka hàn lọ́jọ́sí. Wọ́n ti ri òpó mọ́lẹ̀, àmì ẹ̀ka wà lókè rẹ̀, òkúta ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí Abdón tẹ́ ẹ sí. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Síbẹ̀, bọ́ọ̀sì yọ ní kọ́nà, Abdón ló ń wà á, ìyá rẹ̀ jókòó níwájú pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì lórí itan, fìlà rẹ̀ tó dára jù lọ lórí.

Abdón na ọrùn jáde. "Comadre, ẹ kú ìdúró."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Ó tán. Ìgbà ìkẹyìn nìyẹn."

Ó fa bíréèkì. Bọ́ọ̀sì dúró síbẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sì sí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ lọ wá òkúta.