Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Ráútà Mú?

“Ta ló máa di kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá mú?”

Màmá Ṣájà ló bi Tínrín bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wáyà so rọ̀ káàkiri. Ó ti ń ta nǹkan fóònù àti kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bí Tínrín, bí ó bá sì ti tẹjú mọ́ èèyàn, irọ́ kì í rọrùn-ún pa. Ráútà kékeré méjì ló wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, iye kan náà ló sì ń tà wọ́n. Funfun kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ. Dúdú tún kéré jù ú lọ, ó ń dán, ó sì ní iná búlúù kan bíńtín lórí.

Ìyá Tínrín ló rán an níṣẹ́. Ó fẹ́ ráútà tí wọ́n á máa fi wọ íńtánẹ́ẹ̀tì nílé, tí òun náà á lè sọ sínú báàgì bí iṣẹ́ bá gbé òun lọ sí ìrìn àjò. Kò ráyè wá fúnra rẹ̀. “Bi Màmá Ṣájà léèrè,” ló sọ fún ọmọ rẹ̀. “Èyí tó bá ní ó dáa ni kó o mú.” Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ náà kò le rárá?

“Funfun yìí,” Màmá Ṣájà ti kọ́kọ́ ṣàlàyé, “fóònù ìyá ẹ ni wọ́n máa fi ṣètò ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí kò bá wọ orí ẹ̀ rí, ìyá ẹ ló máa kọ́kọ́ gbọ́, òun ló sì máa sọ bóyá kó wọlé. Tó bá sì fẹ́ kó ti ara ẹ̀ nígbà tó yẹ kẹ́ ẹ sùn, á tì.”

Ojú Tínrín fà ro. Ta ló fẹ́ ráútà tó ń tì lásìkò oorun? Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ máa ń dùn láàárín òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lórí fóònù.

Ẹnjiníà ló bá a wá. Ọmọkùnrin náà wà ní kíláàsì tó ń jáde lọ́dún yẹn, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní òkè ilé wọn gan-an. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ ní Ẹnjiníà. Ó tún fóònù olùkọ́ kan ṣe lọ́jọ́ kan, ó sì fi ara rẹ̀ joyè. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún Tínrín, ó sì sọ ọ́ sí i létí:

“Dúdú ni kó o mú. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ní, ọ̀rọ̀ àṣírí téèyàn ń tẹ̀ ni. Ọ̀kan lẹ ó máa fi wọ orí ẹ̀. Ìkejì ni ti ọ̀gá, òun ni wọ́n fi ń tì í, òun náà ni wọ́n fi ń yí tàkọ́kọ́ padà. Màá bá ẹ ṣètò ẹ̀, màá sì bá ẹ tọ́jú ìkejì. Ìyá ẹ ò ní lè tì í láéláé.”

Ìgbà yẹn ni Màmá Ṣájà bi í pé ta ló máa di kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá mú.

“Èmi ni, mà,” Tínrín dáhùn.

Màmá Ṣájà wo Ẹnjiníà, ó tún wo Tínrín. “Ó dáa. Àmọ́ gbọ́ o, ọmọ mi. Ẹni tó bá di kọ́kọ́rọ́ yẹn mú ló nilé yín. Ẹ̀yin kàn ń gbé ibẹ̀ ni.”

Tínrín rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní àwọn àgbà ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó mú dúdú, Ẹnjiníà sì ṣètò rẹ̀ lójú ọ̀nà ilé.

Inú ìyá rẹ̀ dùn nígbà tó rí i. “Kékeré báyìí! Báwo ni mo ṣe máa tì í tí ẹ bá fẹ́ sùn?”

“Irú eléyìí kì í tì, Mọ́mì.”

“Hẹn-ẹn? Ayé mà ti yí padà o,” ni ìyá wí, ó sì gbà á gbọ́. Ọmọ rẹ̀ ló máa ń bá a ṣètò gbogbo nǹkan orí fóònù. Kí ló dé tí kò ní gbà á gbọ́?

Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni ìyá Tínrín. Lọ́dún yẹn, lẹ́yìn tó ti retí rẹ̀ títí, wọ́n fi í sára àwọn tó máa kọ ìbéèrè ìdánwò àṣejáde. Ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ jáde nílé ni, àmọ́ inú Tínrín ti dùn jù, ó ti fọ́nnu rẹ̀ fún Ẹnjiníà lórí àtẹ̀gùn. Ìyá rẹ̀ kì í gbé kọ̀ǹpútà náà jáde. Á fi í sílẹ̀ lórí tábìlì nínú yàrá láìpa á, á ti ilẹ̀kùn, á sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni kò tì. Ó ti ṣí fáìlì iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ohunkóhun tó bá wà lórí wáífáì ilé, kó lè máa kà á lórí fóònù bó bá ń dáná. Àwọn mẹ́ta péré ló ń gbé ilé náà: òun, ọmọ rẹ̀, àti Màmá Àgbà tó bí i lọ́mọ. Ta ni ì bá tún máa sá fún?

Màmá Àgbà ló kọ́kọ́ fura. “Àlejò” ló ń pe ráútà náà.

“Àlejò yín yìí kì í sùn o,” ó wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan bí Tínrín ti ń bọ́ bàtà iléèwé. “Ẹ lọ síbi iṣẹ́, ẹ lọ síléèwé, fóònù tèmi ò sì mọ̀ ju kí wọ́n fi pè mí lọ. Ta ló wá ń ṣẹ́jú sí láti àárọ̀?”

“Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Màmá.”

“Ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tó ń jí oúnjẹ jẹ. Mo tilẹ̀ kí i, kò dáhùn.”

Tínrín rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ kan ráútà náà. Ó gbóná bí ìdérí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Fóònù rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì ní pípa. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀, ó sì gba yàrá rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹsẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó jókòó sídìí tábìlì, ẹsẹ̀ á dún lókè àjà, gbì, gbì, gbì, á sì dúró sókè orí rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ìyá bá dìde, ẹsẹ̀ á tún rìn lọ. Tínrín ní àwọn ará òkè ń tún ilé tò ni. Ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ títí, kò sì gbà á gbọ́.

Ó pàdé Ẹnjiníà lórí àtẹ̀gùn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò. Inú ọmọkùnrin náà ń dùn, ó ń súfèé. “Ìyá ẹ mà le o! Ìbéèrè ásíìdì yẹn, ṣé ó fẹ́ pa wá ni?”

Tínrín di apá rẹ̀ mú. “Ìbéèrè wo?”

“Ìbéèrè wo kẹ̀? Mò ń ṣeré ni.”

“Ẹnjiníà, fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kejì.”

Ọmọkùnrin náà kò bínú. Ìyẹn ló tilẹ̀ ba Tínrín lẹ́rù jù. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ gbá a léjìká jẹ́jẹ́. “Lọ sọ fún ìyá ẹ kó wá gbà á lọ́wọ́ mi. Kó o sì sọ ẹni tó gbé e wọlé fún un, tó ní kì í tì. Wàá kọ́kọ́ jẹ ìyà tìẹ kí n tó jẹ tèmi.”

Nígbà tí Tínrín wọlé, ìyá rẹ̀ wà nídìí tábìlì, ẹsẹ̀ sì ti dúró lókè. Tó bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ṣì lè fi ìbéèrè mìíràn rọ́pò. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́, ó sì yọ wáyà ráútà náà lára ògiri.

“Ta ló pa wáífáì?” ìyá rẹ̀ ké láti yàrá. “Mò ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́wọ́ o!”

Tínrín dá wáyà náà padà. Iná búlúù tàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

“Ṣé ó ń rẹ̀ ẹ́ ni? Ojú ẹ ò dáa,” ìyá rẹ̀ wí nígbà tó jáde.

“Rárá, Mọ́mì. Ara mi le.”

Lọ́jọ́ ìdánwò, ìbéèrè kẹ́mísìrì ti wà lórí fóònù àwọn ọmọ iléèwé káàkiri kí wọ́n tó wọ gbọ̀ngàn. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan láti ọ́fíìsì ìdánwò ti jókòó sí pálọ̀ ilé Tínrín. Wọn kò gba omi tí Màmá Àgbà gbé fún wọn.

“Mà, ta ló tún rí ìbéèrè yìí yàtọ̀ sí yín?” obìnrin náà béèrè.

“Kò sí. Èmi nìkan ni.”

“Ẹ̀dà tó wà níta yìí, àṣìṣe kan wà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ ti tún ṣe kẹ́ ẹ tó fi í ránṣẹ́ sí wa. Ilé yín ló ti jáde. A jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ tà á.”

“Ọmọ mi ò jalè rí!” Màmá Àgbà pariwo.

“Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ dìde ká lọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ò tún ní ṣiṣẹ́ olùkọ́ mọ́ láyé yín.”

Ẹsẹ̀ dún lókè àjà, ó sì dúró. Ìyá Tínrín bẹ̀rẹ̀ láti wọ bàtà rẹ̀, ó sì ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà òsì. Obìnrin tó máa ń fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pa kíláàsì lẹ́nu mọ́! Tínrín wo bàtà náà, ó sì bú sẹ́kún.

“Mọ́mì, ráútà ni. Ẹnjiníà ló di kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mú. Èmi ni mo fún un.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, kò sì fi èyí tó mọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá pa mọ́. Àwọn ará ọ́fíìsì ìdánwò náà gòkè lọ. Lórí fóònù Ẹnjiníà ni wọ́n ti rí kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá, àti ìbéèrè náà pẹ̀lú àṣìṣe inú rẹ̀.

Wọ́n ní Ẹnjiníà kò ní ṣe ìdánwò kankan lọ́dún náà àtèyí tó tẹ̀ lé e. Gbogbo kíláàsì rẹ̀ tún kẹ́mísìrì ṣe, títí kan àwọn tí kò rí ìbéèrè sójú. Wọn kò lé ìyá Tínrín níṣẹ́, àmọ́ wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn tó ń kọ ìbéèrè, wọ́n sì ní títí ayé ni. Wọ́n ní ó yẹ kó mọ ẹni tó wà nínú ilé rẹ̀.

Ìyá náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Màmá Ṣájà gbé funfun fún un. Nígbà tó délé tó fẹ́ ṣètò rẹ̀, Tínrín sún mọ́ ọn láti bá a tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù.

“Bọ́ síta ná.”

Kò pariwo. Tínrín ì bá fẹ́ kó pariwo. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Àgbà. Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ pe kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n á fi wọ orí rẹ̀ fún wọn láti inú yàrá, Tínrín sì tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù tirẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni fóònù ìyá rẹ̀ dún. Tínrín rí àtẹ̀jíṣẹ́ náà láti ẹnu ọ̀nà: “Ẹnì kan tí a kò mọ̀ fẹ́ wọlé. Ṣé kí ó wọlé?”

Ìyá rẹ̀ mú fóònù náà dání, ó ń wò ó. Ó pẹ́ kó tó tẹ “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Tínrín kò jí ìbéèrè, kò sì tà á. Ó kàn fẹ́ ohun tí ìyá rẹ̀ kò ní lè tì ni, ó sì pa irọ́ kékeré méjì nítorí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ bá yín tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé yín káwọn òbí yín má baà tì í mọ́ yín, ilé yín ló ń wá. Bí ẹ bá sì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, ẹ tètè sọ ọ́. Ìbéèrè tó jáde, wọ́n kọ òmíràn dípò rẹ̀. Àmọ́ títí dòní, bí Tínrín bá wọ yàrá, ìyá rẹ̀ á kọ́kọ́ dojú fóònù dé.