Wọ́n Ti Kóǹtù Ganiath Pa, Wọn Kò Lè Ti Ẹ̀tọ́ Rẹ̀ Pa

Kí Ganiath tó mú ìgbálẹ̀ láràárọ̀, ẹ̀rọ asàba rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń lọ wò. Atokoligbé, lábẹ́ Bantè, ni ó ń gbé pẹ̀lú Djaffar ọkọ rẹ̀ àti Assiath ọmọ wọn. Djaffar ń dáko kajú, Ganiath ń sin ẹtù. Ẹ̀rọ náà, àpótí kan tí iná oòrùn ń mú gbóná, ló ń bá a sàba lé ẹyin. Orí fóònù ló ti rà á, lọ́wọ́ ilé ìtajà kan ní Cotonou, wọ́n sì fún un ní ìwé gàràǹtí ọdún kan: bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ kí ọdún tó yí po, wọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí àwọn aládùúgbò rí i pé ẹ̀rọ náà dé láìlábùkù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a.

"Ìyá Assiath, bá mi ra bàtà fún àwọn ọmọ mi."

"Ganiath, ṣé wọ́n ní tọ́ọ̀ṣì níbẹ̀?"

Ganiath kò lè sọ pé rárá. Kóǹtù tirẹ̀, ìyẹn orúkọ àti nọ́ńbà tó fi ń wọlé sí ilé ìtajà náà, ló fi ń rajà fún gbogbo wọn. Ẹni mẹ́sàn-án ni wọ́n, orúkọ olúkúlùkù ló sì ń kọ sí ọjà tirẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó gbọ́wọ́ lé àpótí náà. Ó tutù. Ọgọ́rin ẹyin ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún wọn sì nìyẹn.

"Bàbá Assiath! Ẹ gbà mí o! Ẹ̀rọ ti kú!"

Djaffar sáré dé, ó yẹ wáyà wò títí. "Iná kọ́," ó ní. "Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti bàjẹ́. Pe àwọn tó tà á."

Ganiath ṣí fóònù. Gbólóhùn Faransé méjì péré ló hàn, Djaffar bá a kà á: "A ti ti kóǹtù yín pa. Ẹ ti rú òfin wa."

"Òfin wo?"

"Wọn kò sọ."

Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò wọlé. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Sétou, aládùúgbò wọn nínú ilé kejì, gbọ́ ariwo, ó sì wọlé tọ̀ wọ́n wá.

"Ẹkún ò lè mú ẹyin gbóná," Sétou ní. "Adìẹ mi méjì ń wá ibi tí wọn óò sàba sí. Jẹ́ kí n lọ gbé wọn wá."

Wọ́n ké sí ilé dé ilé. Kí oòrùn tó mú, adìẹ méje ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé Ganiath, ẹyin ẹtù lábẹ́ wọn. Ọ̀kan ṣá Djaffar lọ́wọ́ jẹ, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Hamidou, àgbẹ̀ kan ládùúgbò, ti gba ọwọ́ Ganiath sanwó pọ́ǹpù tí yóò fi fín oògùn sí kajú rẹ̀. Pọ́ǹpù náà kò tíì dé. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ganiath, mi ò bá ọ jà o. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù mi ńkọ́?"

Ojú ti Ganiath gan-an. Ó lọ sí ojú ìwé ilé ìtajà náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á, ó kọ ẹ̀dùn rẹ̀ síbẹ̀, ó sì fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Kò tó wákàtí kan tí iṣẹ́ kan fi dé lórí wáàsápù: "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, àwa ni ilé ìtajà náà. Ẹ fi kóòdù àṣírí owó orí fóònù yín ránṣẹ́, àti fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ yín. A ó ṣí kóǹtù yín kíákíá."

Ganiath ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kóòdù náà nígbà tí Djaffar di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Dúró ná. Ilé ìtajà tó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ara rẹ̀, kí ló fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ àpótí owó tìrẹ ṣe? Gbájúẹ̀ tó rí nọ́ńbà rẹ níbẹ̀ nìyẹn."

Ganiath gbé fóònù sílẹ̀. Sétou ló rántí pé òun ti gbọ́ lórí rédíò nípa ẹgbẹ́ kan tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, tó máa ń jókòó ní Savalou ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, Ganiath àti Hamidou gun alùpùpù lọ sí Savalou. Màdáàmù Chimène, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà, ni wọ́n bá níbẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Mahi ni, ṣùgbọ́n Yorùbá dùn lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó, ẹ mu omi. Kí ló dé?"

Ganiath rò ó látòkèdélẹ̀.

"Ìwé tí ẹ fi rajà ńkọ́?"

"Ti ẹ̀rọ wà nínú ọ̀rá yìí, pẹ̀lú gàràǹtí. Ti pọ́ǹpù wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi."

"Ẹ ṣeun. Ẹ má pa á rẹ́ o. Ẹ ya fọ́tò ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ nípa kóǹtù náà, kí ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀rọ tó bàjẹ́." Chimène fa ìjókòó sún mọ́ wọn. "Ẹ gbọ́. Kóǹtù lọ́tọ̀, ọjà tí ẹ ti rà lọ́tọ̀. Ọlọ́jà lè ní òun kò bá yín ṣòwò mọ́, bí àdéhùn yín bá fàyè gbà á. Ẹ̀yin náà lè bi í pé kí ló fà á. Ṣùgbọ́n ọjà tí ẹ ti sanwó rẹ̀, dandan ni kó gbé e wá, tàbí kó dá owó padà."

"Gàràǹtí mi ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe gàràǹtí fún, wọn kò ṣe é fún kóǹtù."

Hamidou mi orí. "Ìyẹn ni pé bí ẹ bá lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó kéré tán, ẹ gbé ẹrù mi jáde fún mi."

"Ẹ ti sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ," Chimène ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n jọ kọ lẹ́tà. Ganiath fẹ́ kí wọ́n pe ilé ìtajà náà ní olè nínú rẹ̀, Chimène kọ̀. "Èébú kò ní ràn wá lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà ìrajà, àti ohun tí ẹ ń fẹ́. Ó tán." Àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé gàràǹtí ni wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí. "Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ padà wá, a ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ."

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, èsì dé láti àdírẹ́sì yẹn gan-an. Orúkọ mẹ́sàn-án tí wọ́n rí nínú kóǹtù ẹnì kan ló jẹ́ kí wọ́n rò pé Ganiath ń rajà láti tún un tà, òfin wọn kò sì gba oníṣòwò láyè nínú kóǹtù ẹni tó ń rajà fún ilé ara rẹ̀. Wọn kò ní ṣí i padà. Ṣùgbọ́n wọ́n tọrọ àforíjì pé àwọn kò ṣàlàyé. Pọ́ǹpù ti wà lọ́nà, wọ́n sì ní kí ó fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ kí àwọn tún un ṣe.

"Èmi, oníṣòwò!" Ganiath bú sẹ́rìn-ín. "Kí olúkúlùkù lọ ṣí kóǹtù tirẹ̀ o. Màá kọ́ yín."

Hamidou gba pọ́ǹpù rẹ̀. Ẹ̀rọ lọ sí Cotonou, ó padà dé, ó ń gbóná dáadáa. Lábẹ́ adìẹ méje yẹn, ọmọ ẹtù mọ́kànlélọ́gọ́ta ló ti jáde látinú ẹyin. Ganiath bù nínú wọn fún gbogbo ẹni tó yá a ní adìẹ.

Ẹ̀yin ará wa, bí ilé ìtajà orí fóònù bá ti kóǹtù yín pa, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ bi wọ́n ní ìdí rẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n nínú ìwé. Ọjà tí ẹ ti sanwó rẹ̀ àti gàràǹtí yín kò bá kóǹtù lọ. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé ìrajà síbòmíràn yàtọ̀ sí inú kóǹtù, nítorí pé bí wọ́n bá ti kóǹtù pa, ẹ lè má rí wọn mọ́ nínú rẹ̀. Kí ẹ tó fi kóǹtù yín rajà fún ẹlòmíràn, ẹ ka àdéhùn, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ tó gbọ́ Faransé kà á fún yín. Ẹ má kọ nọ́ńbà yín síbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Bí ẹ bá sì mọ ẹnì kan tí irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, ẹ sọ fún un lónìí, kó tó fi kóòdù àṣírí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀ rí.