Ajá Inú Ọmọlanke

Ajá ló kọ́kọ́ lá ọmọ mi lọ́wọ́. Ọkùnrin tó mú ajá náà dání ló bẹ̀ ẹ́.

Ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà ló ti ṣẹlẹ̀. Uswat ọmọ mi ń ṣíwọ́ iṣẹ́ bọ̀. Muhydeen ló ń tọ́jú àwọn ajá tó ń ṣọ́ ibẹ̀.

"Ẹ má bínú, àǹtí," ló wí. "Kì í ṣe báyìí sí gbogbo èèyàn. Ó fẹ́ràn yín ni."

"Ajá ọ̀hún ni, àbí ẹni tó mú un dání?" Uswat bi í.

Ìyá Uswat ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Èmi fúnra mi rí Uswat nígbà tó délé, tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ fọ ọwọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Nílé wa, bí ajá bá lá èèyàn, ẹ̀ẹ̀meje là ń fọ ojú ibẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ á sì wà nínú rẹ̀. Ó ń fọwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò fẹ́.

Kò pẹ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ́ra. Mo ní rárá.

"Kí ló ṣe?" ìyá rẹ̀ bi mí.

"Ajá ń rùn lára ẹ̀."

"Ẹ̀yin tí màlúù ti ń rùn lára yín láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín ńkọ́?"

Alápatà ni mí ní Oko Ọba. Màlúù kì í ṣe ajá.

Nígbà tó di oṣù kẹta, Uswat ò gbé fóònù sílẹ̀ mọ́. Mo yọjú wò ó. Ilẹ̀ funfun báláú ni mo rí, àwọn àmì kéékèèké ń rìn lórí rẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Eré ìje ni, Bàbá. Ajá ló ń fa ọmọlanke tí ò ní táyà lórí yìnyín, nílùú òyìnbó. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí wọ́n tó dé òpin eré. Àmì kọ̀ọ̀kan, èèyàn kan pẹ̀lú àwọn ajá ẹ̀ ni."

"Ajá. Nínú ilé mi."

"Inú fóònù ni wọ́n wà, Bàbá. Wọn ò lè lá yín."

Muhydeen ló fi eré náà hàn án. Wọ́n jọ ń wò ó lásìkò ìsinmi níbi iṣẹ́. Tó bá délé, wọ́n á tún máa sọ ọ́ lórí fóònù. Mo ń gbọ́ wọn láti pálọ̀.

"Olólùfẹ́ mi, obìnrin wa inú eré tún ti dúró. Wọ́n ti ń kọjá ẹ̀," Uswat á wí.

"Jẹ́ kí wọ́n kọjá, ayọ̀ mi. Àwọn ajá ẹ̀ ń sùn. Iwájú làwọn yòókù á ti rí i."

Lọ́jọ́ Àìkú, Muhydeen wá fúnra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Mi ò ní kó dìde.

"Ta ló wà níwájú nínú eré ajá yín?"

"Onírùngbọ̀n kan ni, sà. Kì í fẹ́ dúró sinmi."

"Ọkùnrin nìyẹn. Ìwọ ńkọ́, ta ni tìẹ?"

"Obìnrin kan ni, sà. Bó bá ṣe sáré tó ló ń jẹ́ kí àwọn ajá ẹ̀ sinmi tó."

"Ọ̀lẹ mú ọ̀lẹ. Ó dáa. Bí obìnrin yẹn bá gba ipò kìíní, wá bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ mi. Bí kò bá gbà á, mi ò gbọdọ̀ rí ẹ níbí mọ́."

"Bàbá!" Uswat pariwo.

"Mo gbà, sà," Muhydeen wí. Ó ṣì wà nílẹ̀.

Nígbà tó lọ, ìyá Uswat dojú kọ mí. "Alhaji, ẹ fi ọmọ ta tẹ́tẹ́."

"Mi ò ta tẹ́tẹ́. Mo ń lé e ni."

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí àwọn ajá ọkùnrin onírùngbọ̀n náà fi dùbúlẹ̀ sórí yìnyín. Ó bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò dìde. Obìnrin yẹn kọjá ẹ̀, ó bọ́ síwájú. Uswat jó yí ilé ká.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé òpin ni ọ̀kan nínú àwọn ajá obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ó tú u kúrò nínú okùn, ó gbé e sínú ọmọlanke. Ẹrù wá wúwo. Kò na àwọn tó kù. Ó tún dúró, ó ní kí wọ́n sinmi. Ibi tí wọ́n ti ń sinmi ni ọkùnrin mìíràn ti kọjá wọn.

Ipò kejì ló gbà.

Mo retí pé Muhydeen á wá bẹ̀bẹ̀, kí n lè lé e. Kò wá. Kò rán ẹnikẹ́ni.

Uswat ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, á yíjú padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo kírun tán, ó gbé omi wá, kò lọ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Àwọn ajá onírùngbọ̀n yín dùbúlẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Obìnrin yẹn gbé èyí tí ò lè rìn. Tó bá rẹ̀ mí nílé ọkọ, irú èwo nínú wọn lẹ fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi?"

"Gbé omi yẹn sílẹ̀."

Ó gbé e sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà. Mo bá Muhydeen lẹ́nu géètì, ajá kan sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fa ṣéènì mọ́ra, ó dọ̀bálẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò wá?"

"Ẹ ní ẹ ò gbọdọ̀ rí mi, sà."

"O ò lè wá bẹ̀ mí?"

"Mo ti ní mo gbà, sà."

"Olórí kunkun ni ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ajá yẹn ńkọ́? Ṣé oorun ni wọ́n ń sanwó ẹ̀ fún un?"

"Àtàárọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, sà. Ọ̀gá ní kí n jí i. Mo ní ó di ìrọ̀lẹ́."

Mo wò ó. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tíì fẹ́ràn rẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

"Ọjọ́ Jímọ̀," ni mo wí. "Lẹ́yìn ìrun. Mú àwọn èèyàn ẹ wá. Má mú ajá."

Nígbà tí Jímọ̀ pé, mo pọn omi sínú kẹ́tùlù àlùwàlá, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ sínú abọ́ kan, mo gbé e tì í.

"Alhaji, kí lẹ fẹ́ fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe?" ìyá Uswat bi mí.

Muhydeen ló ṣáájú àwọn èèyàn rẹ̀. Ó rí kẹ́tùlù. Ó rí iyẹ̀pẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó lóṣòó.

Uswat jáde láti inú ilé, ó gba kẹ́tùlù, ó ń da omi sí i lọ́wọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹ̀yìnkùlé ọjọ́ yẹn náà ni.

Mo dúró títí ó fi fọ̀ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀meje.

Mo ní kó wọlé.