Ìka Ẹsẹ̀ Kì í Purọ́

Obìnrin márùn-ún ló dúró lórí pèpéle gbọ̀ngàn ìjọ lọ́jọ́ àjọ̀dún, láìwọ bàtà, ọwọ́ wọn ní dídì, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni Eldo rí. Ó ró sáàrì aláwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi òjò ṣì ń kán nínú irun rẹ̀, ó sì ń wo Eldo bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo ọmọ tó ń sá fún abẹ́rẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni lóòótọ́. Salomi ni orúkọ rẹ̀.

Onídán ni Eldo, mímọ òpùrọ́ sì ni eré rẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ló ti máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kò sí ẹ̀mí kankan lẹ́yìn òun, ojú tí Ọlọ́run fún òun lòun ń lò. Owó rúpì kan wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yìí, gbogbo wọn yóò sì sọ pé kò sí lọ́wọ́ àwọn. Ẹnu lè purọ́, ojú pàápàá lè purọ́, ṣùgbọ́n ìka ẹsẹ̀ òpùrọ́ máa ń ká wọlé bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn.

"Arábìnrin, ṣé owó wà lọ́wọ́ yín?"

"Kò sí," ni Salomi wí, wẹ́rẹ́.

Eldo tọ́ka sí ìyá akọrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Salomi pé òun ló mú owó náà. Salomi la ọwọ́, owó ń dán níbẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn eré, Eldo bá a níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín.

"Irọ́ mélòó lẹ ń pa lóòjọ́?"

"Kí ọ̀sán tó pọ́n ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?" Salomi bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ. "Tí ogún ọmọdé bá gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, ogún ni mò ń sọ fún pé kò ní dùn wọ́n. Ọlọ́run á foríjì mí. Ẹ̀yin ńkọ́? Wọ́n ní ẹ kì í tàsé."

"Ẹsẹ̀ ló yẹ kí n wò. Ojú yín ni mo ń wò."

Salomi yíjú sí ọlọ́gẹ̀dẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni yìí ló máa san tèmi," ló sọ fún un.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Eldo ń wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá adágún, láti lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo ìka ẹsẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ àṣírí àwọn aláìsàn rẹ̀ fún òun.

"Onídán mi, rárá o," ni Salomi fèsì. "Ohun tí mo bá rí lábẹ́ aṣọ aláìsàn, abẹ́ aṣọ ló ń gbé."

Bàbá Salomi, Kuruvila, kò fẹ́ gbọ́ pé Eldo máa fẹ́ ọmọ òun. Ogójì ọdún ló ti ń ka Ìwé Mímọ́ fún ìjọ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. "Ẹlẹ́tàn ni," ló wí. "Ọmọ mi ò ní jẹ oúnjẹ ẹ̀tàn." Salomi ní òun ò ní fẹ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n òun ò ní fi ilé sílẹ̀ láìgba ìbùkún Appachan, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá níbẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ pọ̀, ni bàbá bá gbà kí wọ́n wá wo ìyàwó. Eldo àti ìyá rẹ̀ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Salomi gbé tíì wá. Bàbá mú Eldo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó sì gbé Bíbélì lé itan.

"Màá ka ẹsẹ mẹ́ta láti inú Sáàmù. Èmi ni mo hun ọ̀kan nínú wọn. Bí o bá mọ èyí tí í ṣe irọ́, mú ọmọ mi. Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, mu tíì rẹ kó o máa lọ."

Àbúrò bàbá, Itti, tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, ti gbé awò sójú. "Tó bá ti dáhùn, ẹ gbé ìwé náà fún mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn onídán ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé."

Bàbá ṣí ibi tí okùn pupa wà, ó sì kà á pẹ̀lú ohùn tó máa ń kún inú ìjọ. Ní ẹsẹ kejì, Eldo rí i tí àtàǹpàkò bàbá fún awọ ìwé náà mọ́ra, bí ìka ẹsẹ̀ òpùrọ́ ṣe máa ń ká. Inú Eldo dùn dé góńgó. Ó la ẹnu.

Ìgbà náà ló rí ojú bàbá. Ojú ẹni tó ń kàwé máa ń rìn, ṣùgbọ́n èyí dúró bí omi inú ìkòkò. Ó wo ojú ìwé. Okùn pupa ti yẹ̀; Sáàmù ló wà lẹ́nu bàbá, orúkọ àwọn baba ńlá Jésù nínú Mátíù ló wà níwájú rẹ̀. Bàbá kò rí lẹ́tà kankan. Orí ló fi ń kà á.

Bí Eldo bá dáhùn, Itti á gba ìwé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìjọ á ti gbọ́, wọn á sì gba Ìwé Mímọ́ lọ́wọ́ bàbá.

"Bàbá, ẹ ti borí mi," ni Eldo wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Itti rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Onídán tí ò mọ idán." Ojú ìyá Eldo fà ro. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni Salomi ń wò.

Wọ́n ti dé ẹnu géètì nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀pá lórí òkúta. Bàbá ló ń bọ̀, Salomi di apá rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi ní o purọ́ fún mi nínú ilé mi. Ó ní ìka ẹsẹ̀ rẹ ká. Ẹsẹ wo ni mo hun?"

"Ìkejì, Bàbá."

"Kí ló wá pa ọ́ lẹ́nu mọ́?"

Eldo wo Bíbélì tó wà lábẹ́ apá bàbá. Bàbá fọwọ́ wá okùn pupa inú Bíbélì rẹ̀, ó wá a títí.

"Ibo ni mo ṣí?" ló bi í, jẹ́jẹ́.

"Mátíù, Bàbá."

Ẹ̀rín gbé bàbá dé ibi tí omijé wà. "Nígbà tí Nóà mutí yó, ọmọ kan rí ìhòhò rẹ̀, ó lọ rò ó níta. Àwọn méjì fi ẹ̀yìn rìn lọ bò ó. Ẹlẹ́tàn ni mo pè ọ́, ọmọ mi, àṣé ọmọ tó ń fi ẹ̀yìn rìn ni ọ́. Padà wọlé. Tíì rẹ ti tutù."

"Appachan, láti ìgbà wo lojú yín ti rí báyìí?" ni Salomi bi í. "Ṣebí nọ́ọ̀sì ni mí."

"Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn. Wàá ní o ò lọ ilé ọkọ mọ́. Lọ po tíì."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bàbá fúnra rẹ̀ pa Bíbélì dé níwájú gbogbo ìjọ. Ó ní ojú òun ti lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò lọ. Ó wá ka Sáàmù náà láti orí dópin, kò sì hun ẹyọ ẹsẹ kan sí i. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Àlùfáà bi Eldo bóyá tọkàntọkàn ló fẹ́ fi gba obìnrin yìí. Salomi kò wo ojú rẹ̀. Ó tẹrí ba, ó ń wo ẹsẹ̀ Eldo tí kò wọ bàtà lórí ilẹ̀ ìjọ.

"Tọkàntọkàn ni," ni Eldo wí.

Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ́jú pẹrẹsẹ.